Ẹni Tí A Bẹ̀ ní Ọ̀wẹ̀ Kò Di Olóko

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tí yóò bá wa jiyàn pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti kọ ọ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ tí a ń kọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ aláàánú méjì tàbí mẹ́ta ti pa owó wọn pọ̀ kí àwọn ọmọ aláìní lè lọ sí ilé-ìwé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ní ẹnu wa ni ọpẹ́. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọpẹ́, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pa ọwọ́ pọ̀ ran ọmọ kan lọ́wọ́, ta ni ó ni ọmọ náà?

Ẹnìkan lè dáhùn kíákíá pé àwọn òbí rẹ̀ ni ó ni ín, tàbí pé Ọlọ́run ni, kí ó sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣe wa, ẹ má wo ẹnu wa. Ẹgbẹ́ tí ó ra ìwé fún ọmọ ni ó ń sọ irú ìwé tí yóò kà. Ẹgbẹ́ tí ó rán aṣọ fún un ni ó ń sọ ọjọ́ tí yóò wọ̀ ọ́ kí a lè ya àwòrán rẹ̀. Baba rẹ̀ tí ó dúró ní ẹ̀yìn kò rí ẹni bi í ní ohunkóhun. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Òwe náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá mú un wọ inú ilé-ìwé, ọmọ aláìní ni yóò di ẹrú inú rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ti ń ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ láìsọ ọ́ di ẹrú. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà pa ọwọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ oko. Èkíní ni àárò: èmi, ìwọ àti lágbájá yóò ro oko mi lónìí, a ó ro tìrẹ lọ́la, a ó ro ti lágbájá ní ọ̀túnla, títí yóò fi kárí. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún, tàbí tí àìsàn dá dúró, yóò bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò, wọn yóò sì wá bá a ṣe é ní ọjọ́ kan, oúnjẹ àti ẹmu ni yóò fi ṣe wọ́n ní àlejò. Ohun kan wà nínú méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàlàyé nítorí pé ó hàn sí gbogbo ènìyàn: oko ní olóko. Ẹni tí a bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òun ni ó gbé ọkọ́ tí ó tóbi jù lọ wá, kì í sọ fún olóko pé, “Mo rí i pé àgbàdo ni o fẹ́ gbìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni ó wù mí.” Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò rò pé oòrùn ti pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òde òní nìkan ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí Sierra Leone ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níbẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ènìyàn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí kò mọ ibi tí ìyá wọn wà mọ́, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ láàárín wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí a ń pè ní CMS pa ọwọ́ pọ̀ láti tọ́ wọn àti láti kọ́ wọn ní ìwé. Owó ni ìṣòro. CMS sì dá ọgbọ́n kan: ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá lè máa san páùn 5 lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ọmọ kan ní ilé-ìwé wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀tọ́ láti yan orúkọ tí wọn yóò máa pe ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí orúkọ jẹ́ ní ilẹ̀ wa, ẹ dúró kí ẹ rò ó. Ọmọ tí wọ́n pè ní Àjàyí nítorí pé ó dojú bolẹ̀ wá sí ayé, tàbí Málọmọ́ nítorí pé ìyá rẹ̀ ti sin àwọn ọmọ kan ṣáájú rẹ̀, tí orúkọ náà sì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ kí ó dúró, ó di ẹni tí ń jẹ́ orúkọ ọlọ́rẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní fi ojú kàn án títí ayé. Èmi kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni ó burú. Láti inú àwọn ọmọ Sierra Leone wọ̀nyẹn ni Samuel Àjàyí Crowther ti jáde, ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè Yorùbá sì wà lára ìdí tí ẹ fi ń ka ohun tí mo ń kọ yìí. Orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni Samuel Crowther, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò jẹ́ kí Àjàyí sọnù. Ire gidi ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ire gidi ni wọ́n fi ra ohun tí kò yẹ kí ó dé ọjà rárá.

A kò ra orúkọ ọmọ mọ́ lónìí. Ojú rẹ̀ ni a ń rà. Ọmọ òrukàn yóò dúró ní iwájú pátákó tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rin sí, àpò ìwé tuntun yóò wà ní àyà rẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọn yóò ní kí ó kọ lẹ́tà ọpẹ́. Bí àlejò bá dé láti òkè-òkun, òun ni yóò fi ìṣirò sílẹ̀ lọ jó níta, nígbà tí àwọn tí baba wọn lówó ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Àwọn àgbà tí ó wà láyé nígbà tí a ń fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà yóò mọ irú nǹkan yìí. Baba tí ó yá owó a fi ọmọ rẹ̀ fún olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ní oko olówó kò dín owó náà kù, èlé ni. Lẹ́tà ọpẹ́, ijó àti àwòrán wọ̀nyí, kí ni a ó pè wọ́n bí kì í bá ṣe èlé? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì sì mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí wọn yóò fi máa fi orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ràn án lọ́wọ́ pe ọmọ náà gan-an. A kì í ṣoore tán kí a lóṣòó tì í. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn kò lóṣòó mọ́, wọ́n ti kọ́ ilé tì í.

Ẹnìkan lè bi mí pé: “Olùkọ́, ìwọ tí ń sọ èyí, ǹjẹ́ o ti tọrọ owó fún ọmọ tálákà rí? Báwo ni opó kan ní Birmingham, tàbí oníṣòwò kan ní Kano, yóò ṣe mọ̀ pé owó òun dé ibi tí a wí, bí kò bá rí ojú ọmọ náà?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. A mọ̀ pé àwọn kan wà tí ń fi ojú ọmọ òrukàn tọrọ owó tí ọmọ òrukàn kò fi ojú rí. Ẹni tí ó mú owó wá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìṣirò. Ìṣirò owó ni kí ó béèrè: iye ìwé tí a rà, iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ fi wá sí ilé-ìwé, iye àwọn tí ó parí kíláàsì kẹfà. Gbogbo èyí wà nínú rẹ́jísítà wa, a sì lè fi hàn án láìfi omijé ọmọ kankan hàn án. Olùkọ́ tí ń tọ́jú rẹ́jísítà rẹ̀ dáadáa ń dáàbò bo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ju bí òun tìkára rẹ̀ ti mọ̀ lọ.

Títí di ìsinsìnyí, ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ di olóko ni mo ń bá wí. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá di púpọ̀, ewu mìíràn wọlé tí ó yàtọ̀ sí èyí: olúkúlùkù wọn yóò rò pé ẹlòmíràn ni ó ń mójú tó oko. Ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan, irú èyí tí ó wà ní kíláàsì yín. Ẹgbẹ́ kan san owó ilé-ìwé rẹ̀. Èkejì rán aṣọ fún un. Ẹ̀kẹta fún un ní ìwé àti àpò. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí wọ́n rán lọ sí ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan yóò ṣe di ọmọ mẹ́ta lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan owó fọ́ọ̀mù ìdánwò, ẹgbẹ́ kìíní yóò rò pé èkejì ti san án, èkejì yóò ní kò sí nínú àdéhùn òun, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ní gbọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, ọmọ náà yóò jókòó sí ìdí ọjà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ó mọ́ àti ìwé tí ó pé.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà máa yọ náírà 2 sọ́tọ̀ nínú náírà 100 tí ó bá wọ àpò rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gba apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye kan náà wá láti inú àpò ara rẹ̀. Èrò rere ni, kí olúkúlùkù lè fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n léraléra ni àwọn ìpínlẹ̀ kan kùnà láti mú tiwọn wá, tí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà fi jókòó sí báǹkì nígbà tí àwọn ọmọ jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ẹnìkan ní tí kò sì fẹ́ mú un wá, ọmọ ni ebi ń pa níbẹ̀.

Àjọṣe tí ó dára kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1932, ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí olúkúlùkù wọn ti ní ilé-ìwé tí ó ń gbéraga sí ní Èkó, pa ọwọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀. Kì í ṣe ilé-ìwé ọmọ tálákà, mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni orúkọ rẹ̀: orúkọ ibi tí ilé-ìwé náà wà ni, kì í ṣe orúkọ ìjọ kankan nínú méjèèjì.

Bí a bá kúrò ní Èkó tí a sì kọjá Odò Ọya lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, a ó rí àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa ju èyí lọ. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan àwọn ará Ibibio rán ọ̀dọ́mọkùnrin 6 lọ sí òkè-òkun láti kàwé, owó tí àwọn ará ilẹ̀ náà dá ni wọ́n sì fi rán wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Egbert Udo Udoma, kọ́ nípa òfin ní Dublin. Ní ọdún 1963 ó di Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Uganda, lẹ́yìn náà ó jókòó ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà. Ní ọdún 1946 ẹgbẹ́ náà dá Ibibio State College sílẹ̀ ní Ikot Ekpene, kí àwọn tí kò lè kọjá òkun lè rí ibi kàwé nílé. Ẹ ó bi mí pé, ǹjẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí kò jẹ gbèsè? Wọ́n jẹ ẹ́. Gbogbo ará ilé ni ó ń retí ìpadàbọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ènìyàn tí wọ́n lè dá lóhùn ni wọ́n jẹ ní gbèsè. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n lè dìde ní ìpàdé kí wọ́n wí pé, “Èyí tí ẹ ń béèrè kò tọ́.” Ìwọ̀fà kò lè wí bẹ́ẹ̀ fún olówó. Ọmọ tí ń kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí kò lè wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àlejò náà lè kọ́ bí a ti ń ṣe é. Obìnrin kan láti Wales, Ann Cotton, lọ sí Mola ní ilẹ̀ Zimbabwe ní ọdún 1991 láti wádìí ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nígbà náà ni pé àṣà àwọn ará ibẹ̀ ni. Ó bi àwọn òbí fúnra wọn, wọ́n sì wí fún un pé òṣì ni: bí owó bá mọ ní ti ọmọ kan, ọmọkùnrin ni wọ́n ń rán lọ, nítorí òun ni ó ṣeé ṣe kí ó ríṣẹ́. Olóko ni ó bi, olóko sì dá a lóhùn. Ní ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, CAMFED, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin 32. Lẹ́yìn náà ó dé Ghana àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1998 àwọn ọmọbìnrin tí ó ti parí ìwé wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń ran àwọn àbúrò wọn lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí ó gba ìrànlọ́wọ́ kò san án padà fún ẹni tí ó ràn án. Oko ẹlòmíràn ni ó lọ ro. Àárò ni wọ́n ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí a ń pè é.

Ṣùgbọ́n Maiduguri ni àpẹẹrẹ tí ó wú mi lórí jù lọ wà. Ní ọdún 2007 agbẹjọ́rò kan, Zannah Mustapha, dá ilé-ìwé Future Prowess sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn àti aláìní. Ọmọ 36 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun Boko Haram gba gbogbo ilẹ̀ náà kan, ó gba àwọn ọmọ tí a pa baba wọn nínú àwọn ọmọ ogun ìjọba, ó sì gba àwọn ọmọ tí a pa baba wọn nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ilé-ìwé kan náà ni wọ́n ti ń jókòó, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n sì ń kọ́. Ní ọdún 2017 ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé fún un ní ẹ̀bùn Nansen. Ẹ rò ó wò bí olówó kan bá wí pé, “Owó tèmi, ọmọ sójà nìkan ni kí ẹ fi kọ́,” tí òmíràn sì wí pé òun kò lè fi owó òun bọ́ ọmọ apànìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé olówó ni ó ni ọmọ, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ ní ọdún kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì le jù. Ẹni tí a bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ a máa padà sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà pa USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, tì. Iṣẹ́ ilé-ìwé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì dúró ní agbede méjì. Èmi kò bú wọn, owó wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ilẹ̀ wa tí ó fi owó wọn ṣe gbogbo ètò rẹ̀ bá ara rẹ̀ ní ìdí igi tí a ti gé, àwọn ọmọ tí ó ti kà sí tirẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó.

Ta wá ni olóko? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 wí pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, gbèsè ìjọba ni, àánú ẹnikẹ́ni kò sì pa gbèsè náà rẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni UNICEF ń sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò sí ní ilé-ìwé lé ní mílíọ̀nù 10. UNESCO, tí ó ka àwọn ọ̀dọ́ mọ́ ọn, sọ ní ọdún 2022 pé wọ́n tó mílíọ̀nù 20. Ẹgbẹ́ aláàánú kankan kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ so ara wọn pọ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò tó 460,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, lé ní 800,000 ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Owó orí àwọn ará ìlú wà nínú owó tí a fi ṣe é, kò sì sí ọmọ kankan tí ó kọ lẹ́tà ọpẹ́.

Nítorí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ tí ó pa ọwọ́ pọ̀ bá dé ilé-ìwé yín pẹ̀lú ẹrù rere, ẹ gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀, kí ẹ fún wọn ní omi tútù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Ta ni nínú yín ni kí n ránṣẹ́ sí bí ọmọ yìí kò bá wá sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì? Kí ni ìyá rẹ̀ sọ nígbà tí ẹ bi í ní ohun tí ọmọ náà ṣe aláìní? Ta ni yóò san owó ìdánwò rẹ̀ ní ọdún tí ẹ kò bá wá mọ́? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó dáhùn, kí ẹ sì fi í sí inú rẹ́jísítà kíláàsì náà, ní ibi tí olùkọ́ tí yóò gba ipò yín yóò ti rí i.